Ihò Méjì ní Àgùdà

Ní ọjọ́ kẹjọ tí a sin bàbá tó bí bàbá mi, àwọn ẹbí jókòó síwájú ilé wọn ní Pápá Àjàó, wọ́n ń sọ irú èèyàn tí olóògbé jẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹni kejì ní òun kò rí ọjọ́ tí wọ́n bá ẹnikẹ́ni jà. Àbúrò wọn kan, tí kò tẹsẹ̀ bọ ọ̀dọ̀ wọn fún odidi ọdún mẹ́fà, gba maíìkì, ó ní Alájì Làmídì fẹ́ràn ẹbí ju ohun gbogbo lọ láyé. Mo ń wò ó títí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó jẹun, ó gba oúnjẹ tí wọ́n bù sínú ike fún un, ó bá tirẹ̀ lọ.

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bàbá Àgbà kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ìjà kò ṣòro fún wọn rárá. Wọn kò sì fẹ́ràn ẹbí ju ohun gbogbo lọ. Ohun kan wà tí wọ́n fẹ́ràn jù ú lọ, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n kú sínú yàrá kan ṣoṣo láìsí ọmọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi tí mò ń kọ èyí náà kò sí níbẹ̀. Mò ń kọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí sọ lọ́jọ́ yẹn dùn mí ju ikú fúnra rẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé n kò sàn ju àwọn tó sọ ọ́.

Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ ni Bàbá Àgbà ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá kànga kankan ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Mùṣín láti abúlé wọn lẹ́bàá Ọ̀yọ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni kí wọ́n máa ru ẹrù fún àwọn olùkọ́ kan ní Yábàá, àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga nípa ilẹ̀ àti òkúta. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn olùkọ́ yìí á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sórí odò Ògùn, wọ́n á lọ sí etí ọ̀sà, wọ́n á lọ dé etí òkun ní Àgbádárìgì. Iṣẹ́ Bàbá Àgbà ni kí wọ́n gbẹ́ yàrà sí bèbè omi, kí ó jìn tó àyà èèyàn, kí ògiri rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ògiri ilé. Àwọn olùkọ́ á wá bẹ̀rẹ̀ síwájú ògiri yanrìn náà, wọ́n á máa yà á sínú ìwé, ìpele sí ìpele.

Ó ya Bàbá Àgbà lẹ́nu. Wọ́n gbọ́ pé epo àti omi tó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àwọn èèyàn yìí ń wá. Kí ló wá jẹ́ tí wọ́n fi ń jókòó ti odò láàárọ̀ dalẹ́? Lọ́jọ́ kan wọ́n bi ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà. Ọkùnrin náà kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Làmídì, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yẹn, òkè ló wà nígbà kan. Odò ló kó o síbẹ̀, tàbí òkun, kí òmíràn tó bò ó mọ́lẹ̀. Odò kò sì tíì yí ìwà padà. Bó ṣe ń to yanrìn lónìí náà ló ṣe tò ó nígbà yẹn."

Bàbá Àgbà gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí ẹni gbé owó orí sápò, wọ́n sì gé e kúrú fún ara wọn. Nígbà tí mo dàgbà tí ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ mi, tí mo bi wọ́n bóyá èèyàn dáadáa ni, wọn kò bi mí nípa iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ láìsọ fún wọn ṣáájú, kí n wo bí bàbá ibẹ̀ ṣe ń bá ìyá ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́."

Ọdún àkọ́kọ́ mi ní girama ni wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ sí Ìṣẹri. Wọ́n ti fi iṣẹ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ tipẹ́ nígbà náà, wọ́n ti ní irinṣẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún wọ́n ṣì máa ń padà lọ wo odò. A dúró sí ibi tí odò ti yí kọ́rọ́. Wọ́n gbẹ́ yàrà wọn, wọ́n ní kí n bọ́ sínú rẹ̀, kí n bu yanrìn láti ìsàlẹ̀, kí n fi eyín tẹ̀ ẹ́. Hóró rẹ̀ tóbi, ó ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́nu mi. Wọ́n ní kí n bu ti àárín. Ó kúnná ju ti ìṣáájú lọ. Ti òkè pátápátá kò ró mọ́, amọ̀ ni, ó lẹ̀ mọ́ mi lájà ẹnu.

"Kí lo rí?" wọ́n bi mí.

"Ó le nísàlẹ̀, ó rọ̀ lókè."

"Odò ló ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí omi ti yára, èyí tó wúwo nìkan ló lè dúró. Bí odò ṣe ń sún kúrò, omi ibẹ̀ ń falẹ̀, àwọn tó fúyẹ́ sì ń rí ibi jókòó. Tí o bá bá a létòlétò báyìí ní ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́rùn-ún nísàlẹ̀ ilé ẹnikẹ́ni, má bi onílé. Odò ló gba ibẹ̀ kọjá."

Lẹ́yìn náà wọ́n mú mi rin díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fi omi kan hàn mí tó tẹ̀ bí dòjé, tó dúró sójú kan, tí ewé bò. Wọ́n ní odò ni rí, apá odò tí odò fúnra rẹ̀ ti pa tì nígbà tó rí ọ̀nà tó kúrú jù. Wọ́n fún mi ní ọ̀pá gígùn kan pé kí n tì í bọ̀ ọ́. Ó wọlé bí ìgbà tí a ki ọ̀bẹ bọ bọ́tà, gbogbo gígùn rẹ̀, mo sì fẹ́ bá a wọlé. Nígbà tí mo fà á yọ, ẹrẹ̀ dúdú ló bò ó, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, èèpo igi àti ewé jíjẹrà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Bàbá Àgbà di apá mi mú, wọ́n ní, "Lọ́jọ́ kan yanrìn á bo ibí yìí, koríko á hù sórí rẹ̀, ẹnì kan á rà á. Kò ní mọ ohun tó rà."

Mo ti sọ pé wọ́n máa ń jà. Èyí tí gbogbo Pápá Àjàó mọ̀ ni ti mọ́sálásí àdúgbò. Àwọn ọmọ ìjọ fẹ́ kànga, wọ́n sì ti yan ibi tí wọ́n fẹ́ ẹ sí, lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Bàbá Àgbà gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n gbọ́ òórùn yanrìn tó jáde, wọ́n wò yíká, wọ́n rí i pé ṣalangá wà ní ìṣísẹ̀ bí i mẹ́wàá sí ibẹ̀. Ó jọ pé àwọn ọmọ ìjọ ti bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó pe Bàbá Àgbà. Wọ́n ti rí i létí ọ̀sà bí omi ṣe máa ń gba inú yanrìn rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n dí ihò tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́. Àgbà kan nínú ìjọ bínú jáde sí wọn, ó ní, "Alájì, ilé Ọlọ́run lẹ ń ṣe báyìí sí." Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ilé Ọlọ́run ni. Ìgbẹ́ èèyàn ló sì wà nínú omi rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kírun ní mọ́sálásí mìíràn, títí dé Ìlúpéjú ni wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ.

Kì í ṣe pé wọ́n ń gbéra ga. Ìkòrò kan wà nínú wọn tí n kò tètè lóye. Àwọn olùkọ́ Yábàá tẹ ìwé kan jáde nípa odò àti ọ̀sà náà, ọ̀kan nínú wọn sì mú ẹ̀dà kan wá fún Bàbá Àgbà. Wọn kò lè ka gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, èmi ni mo kà á. Mo wá orúkọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rí i. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán yàrà kan, ọwọ́ kan di rúlà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yanrìn, àpá sì wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀. Bàbá Àgbà na àtàǹpàkò wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà kí n lè rí i. "Ọwọ́ mi ni wọ́n yà," wọ́n ní. "Wọ́n gbàgbé orí."

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ yìí láìfi nǹkan kan pa mọ́ ni bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Dádì. Mùdà ni Bàbá Àgbà ń pè wọ́n. Láti kékeré ni Dádì ti ń tẹ yanrìn léyín ní Ìṣẹri. Bàbá Àgbà fúnra wọn sọ fún mi pé Dádì mọ ilẹ̀ kà ju àwọn lọ, pé àwọn lè di ojú Dádì, kí àwọn bu yanrìn sí wọn lọ́wọ́, Dádì á sì sọ bóyá ti odò ni tàbí ti òkun. Ṣùgbọ́n kànga kò tẹ́ Dádì lọ́rùn. Wọ́n di agbaṣẹ́ṣe, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ra mọ́tò, wọ́n kó wa kúrò ní Pápá Àjàó lọ sí Sùúrùlérè. Bàbá Àgbà kò wí nǹkan kan sí i. Ìyẹn jẹ́ kí n rò pé inú wọn dùn.

Dádì wá ra ilẹ̀ kan ní Àgùdà, kò jìnnà sí kánáàlì, láti fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin tí wọ́n máa fi háyà. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé ní kí wọ́n mú àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ wá. Dádì pe Bàbá Àgbà. Wọ́n gbẹ́ ihò kan síwájú ilẹ̀ náà, wọ́n bá yanrìn tó dára: èyí tó kúnná lókè, èyí tó tóbi nísàlẹ̀. Inú Dádì dùn, wọ́n ní ó ti tó.

Bàbá Àgbà kò lọ. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ tẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀, omi òjò àná sì dúró níbẹ̀, ó tẹ̀ bí dòjé, ó gba abẹ́ fẹ́ǹsì kọjá sí ilẹ̀ aládùúgbò. Lọ́jọ́ kejì, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n padà wá, wọ́n gbẹ́ ihò kejì sẹ́yìn.

Nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dé ilé wa. Èmi, Dádì àti Mọ́mì la wà nílé. Wọ́n gbé ọ̀rá kan lé orí tábìlì ìjẹun, wọ́n tú u. Kí n tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú ni, èèpo igi sì wà nínú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a," wọ́n ní. "Mo gbẹ́ ẹ dé ogójì kí n tó rí yanrìn gidi. Apá odò tó ti kú ni, Mùdà. Bèbè rẹ̀ gba àárín ilẹ̀ rẹ. Iwájú ilé á dúró lórí yanrìn, ẹ̀yìn rẹ̀ á jókòó sínú èyí."

Mọ́mì bo imú. Dádì kò bo imú. Wọ́n ń wo ẹrẹ̀ náà.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Bàbá?"

"Kan òpó kọnkéré wọlẹ̀ títí á fi bá yanrìn. Tàbí kí o kọ́ ilé ilẹ̀. Tàbí kí o tà á fún ẹni tó máa fi gbin ẹ̀fọ́."

"Gbogbo àdúgbò yẹn ló ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

"Gbogbo àdúgbò kọ́ ni wọ́n kọ́ sórí ihò yìí."

Dádì dìde. Wọ́n ní ihò kan ni ìjọba béèrè, ihò kan ni àwọn máa fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti fi gbogbo ohun tí àwọn ní sórí ilẹ̀ náà, pé kí Bàbá má ba ti àwọn jẹ́. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n bu ẹrẹ̀ náà, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Dádì kò bù ú. Mọ́mì ló kó o dànù, tí wọ́n sì fi ọṣẹ nu tábìlì. Bàbá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yíjú sí Dádì. "Èmi ni mo kọ́ ọ," wọ́n ní. "O ò lè sọ pé o ò mọ̀."

Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó dé àjà kejì, Bàbá Àgbà ránṣẹ́ pè mí sí Pápá Àjàó. Ilé ìwé gíga ni mo wà nígbà náà, Dádì ló ń rán mi lọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba ní gẹ̀ẹ́sì tó mọ́. Mo jókòó sórí ibùsùn wọn, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: ihò méjì, kì í ṣe ọ̀kan, ohun tó wà nínú ìkíní, ohun tó wà nínú ìkejì, ibi tí bèbè odò àtijọ́ gbà kọjá. Nígbà tí mo parí, mo ní, "Bàbá, ọmọ yín ni." Wọ́n tẹ ìka wọn sísàlẹ̀ ìwé. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rán ẹlòmíì."

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà wá lóòótọ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àkọlé sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Ó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà Dádì àti ọ̀gá wọn kan rí ara wọn, wọ́n fi ọ̀dà funfun bo pupa, iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí wọ́n parí ilé, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó sì rẹwà. N kò ní purọ́, inú mi dùn nígbà tí mo rí i.

Bàbá Àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn ayálégbé lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn pé kí wọ́n kó jáde. Ojú ti gbogbo wa. Ilẹ̀kùn Àǹtí Ríyìkẹ́ ni wọ́n lọ jù, aránṣọ tó gba yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ àti Aṣàbí, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo lọ gba aṣọ. Àǹtí Ríyìkẹ́ gbé àga fún wọn, ó sì bu omi tútù wá.

"Bàbá, ẹ jókòó ná. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò yìí, ẹ má dẹ́rù bà mí."

"N kò lè jókòó nínú ilé yìí," Bàbá Àgbà ní. "Ìwọ náà, má jókòó pẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, irú èyí tí èèyàn máa ń rín tí arúgbó bá ń sọ ìsọkúsọ. Mo rẹ́rìn-ín padà. Mo gba aṣọ mi, mo lọ. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lójú mi.

Ọdún kejì tí àwọn ayálégbé wọ ilé náà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yìn ilé náà jókòó. Àwọn tó wà nítòsí ní kò pariwo lákọ̀ọ́kọ́, pé ṣe ló kàn ń rẹlẹ̀, kí àtẹ̀gùn tó ya kúrò lára ògiri, kí àjà sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó lé ara wọn. Iwájú ilé náà dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan kò já bọ́ níbẹ̀. Àǹtí Ríyìkẹ́ àti Aṣàbí kú. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Bàbá Àgbà ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n ń wú àwókù pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ọmọ náà jáde, wọ́n fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú lọ sí ibi fẹ́ǹsì ẹ̀yìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti wú sókè, ó sì là. Ẹrẹ̀ dúdú ń yọ láti ojú rẹ̀, ilé ló tẹ̀ ẹ́ jáde. "Wò ó, Àbẹ̀kẹ́," wọ́n ní. "Ó ti fúnra rẹ̀ jáde wá."

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè ni wọ́n jókòó sí. Dádì dìde, wọ́n fi Kùránì búra pé ihò kan ṣoṣo ni Bàbá àwọn gbẹ́, pé wọ́n ní ilẹ̀ dára, pé àwọn gbà wọ́n gbọ́ nítorí pé bàbá àwọn ni. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì. Ọwọ́ Mọ́mì wà lórí itan mi.

Bàbá Àgbà wá dìde. Lọ́yà Dádì bi wọ́n bóyá ẹnjiníà ni wọ́n.

"Rárá. Agbẹ́kànga ni mí."

"Báwo lẹ ṣe mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí ẹ kò rí?"

"Mo rí i ní Ìṣẹri. Ó ṣì wà lójú ilẹ̀ níbẹ̀, odò ṣì ń ṣe é lọ́wọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ní kí wọ́n mú ẹ̀rí ihò kejì wá. Wọ́n ní àwọn kọ lẹ́tà. Ọ́fíìsì ní kò sí lẹ́tà kankan nínú fáìlì.

"Ẹ ò mọ gẹ̀ẹ́sì kọ, Alájì. Ta ló bá yín kọ lẹ́tà náà?"

Bàbá Àgbà wò mí. Wọn kò wo ibòmíràn. Ọwọ́ Mọ́mì wúwo lórí itan mi, ṣùgbọ́n kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo lè dìde. Mo ronú nípa ilé ìwé mi, mo ronú nípa Dádì lẹ́wọ̀n, mo wolẹ̀. Bàbá Àgbà dúró fún mi fún ìgbà tó gùn gan-an. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí àwọn ìgbìmọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ gbẹ́ ẹ lónìí. Ilẹ̀ náà ò tíì lọ síbì kankan."

Alága ní ìyẹn kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn. Wọ́n ti da yanrìn sí ojú ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti mọ ògiri yí i ká. Nínú ìwé àbájáde, wọ́n kọ ọ́ pé òjò àti kánáàlì ló fà á, àti àyẹ̀wò ilẹ̀ tí kò péye láti ọwọ́ agbẹ́kànga kan tí kò kàwé.

Bí ẹ̀bi náà ṣe di ti wọn nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́kànga yọ wọ́n lẹ́gbẹ́. Ní Mùṣín, ẹnikẹ́ni kò tún pè wọ́n fún iṣẹ́. Àwọn ẹbí ní Bàbá Àgbà fẹ́ ta ọmọ wọn, Ọlọ́run sì mú wọn. Ọkọ Àǹtí Ríyìkẹ́ wá síwájú ilé wọn ní Pápá Àjàó, ó fi wọ́n ré. Wọ́n ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Dádì sì ń kọ́lé lọ.

Láàárín ọdún mẹ́fà tí wọ́n lò lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lọ kí wọn. Ní ìgbà kejì, wọ́n ti rù, ikọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu, bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà sì kún fún ẹrẹ̀ Ìṣẹri. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ ìwádìí yẹn..." Mi ò lè parí rẹ̀. Wọn kò ràn mí lọ́wọ́ parí rẹ̀. Wọ́n ní, "O lè kọ ọ́. O ò lè sọ ọ́." Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹni tó ń gbé yàrá kejì ló bá òkú wọn láàárọ̀. Dádì wá, wọ́n dúró sí ìlà iwájú nígbà tí a ń kírun sí òkú náà lára, wọ́n sì sunkún gan-an. Mo gbà pé ẹkún gidi ni. Kò yí nǹkan kan padà.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ yẹn, mo lọ bá Mọ́mì nílé ìdáná wọn. Wọ́n ń gé àlùbọ́sà. Mo ní mo fẹ́ lọ sọ òtítọ́ nípa ihò kejì, pé èmi ni mo kọ lẹ́tà náà.

"Mo mọ̀," Mọ́mì ní. Wọn kò dúró gígé. "Ọ̀gá ọ́fíìsì yẹn ló mú un wá fún bàbá rẹ. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ. Èmi ni mo fi iná sí i, níbí yìí."

Gbogbo àkókò tí mo fi jókòó nínú gbọ̀ngàn yẹn, tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mò ń gbé mì, àwọn méjèèjì ń wò mí tí mò ń gbé e mì.

"Bàbá àgbà rẹ náà ìbá ti dákẹ́," wọ́n ní. "Àwọn tó kú ti kú."

Mo kúrò níbẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun, ihò méjì, ẹrẹ̀ orí tábìlì, lẹ́tà tí wọ́n jó, mo fọwọ́ sí i, mo kọ orúkọ mi ní kíkún. Lẹ́yìn náà mo wá ọkọ Àǹtí Ríyìkẹ́ lọ. Ó ti kó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní Ìlúpéjú. Ẹnu géètì ló ti dá mi dúró nígbà tó gbọ́ ọmọ ta ni mí. Mo sọ ọ́ fún un ní ìdúró, láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá Àgbà ń lọ láti ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ríyìkẹ́ sọ fún mi," ó ní. "Ó ní bàbá kan ń wá, pé ọkàn òun kò balẹ̀ mọ́, pé ká kó jáde. Èmi ni mo ní kó má dá wèrè lóhùn."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó sì ṣí géètì. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n Ríyìkẹ́ wà nínú palọ̀, pé kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn. Mo wọlé.